Àwòrán Mọ́, Orí Ṣì Ń Fọ́

Bí abiyamọ bá ní orí ń fọ́ òun, èsì tó sábà máa ń gbà ni pé, "O ò sùn tó ni." Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí fífọ́ kan wà tó yẹ ká dá mọ̀, torí pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ọpọlọ ló dí.

Ẹ fi wé gọ́tà. Ẹ̀jẹ̀ ń ti inú ọkàn wọ ọpọlọ. Tó bá ṣiṣẹ́ tán, á gba àwọn iṣan mìíràn jáde sí ọrùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sójú ọ̀nà àbájáde yìí, èyí tó ń wọlé ò ní dúró dè é. Agbárí ò sì ṣeé fẹ̀, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀. Orí á máa fọ́ sí i lójoojúmọ́, pàápàá téèyàn bá dùbúlẹ̀. Èébì, ojú tó ń ṣe bàìbàì, apá tó rọ, gìrì, gbogbo rẹ̀ lè tẹ̀lé e. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2004, tí wọ́n fi ènìyàn 624 ṣe, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni orí ń fọ́. Mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn jẹ́ obìnrin. Oyún, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, àti àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

Ilua ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ sí. Ní ọjọ́ kejìlá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Wọ́n ní ibà ni, ó lo oògùn ibà. Nígbà tó di pé ìjókòó ló fi ń sùn, tí apá ọ̀tún rẹ̀ sì ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ abísínwín lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá mọ́tò, wọ́n gba Òkèhò, wọ́n gba Ìṣẹ́yìn, ó di Ìbàdàn. Wọ́n ya CT. Àwòrán mọ́. Ilé ìwòsàn náà ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe. Níbi iṣẹ́ wa, bí log bá mọ́, ìyẹn ò sọ pé kò sí wàhálà. A ó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí log yẹn ń kọ sílẹ̀ ná. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lọ sílé o."

Ẹnjiníà ni Godfrey Hounsfield tó ṣe ẹ̀rọ CT, kì í ṣe dókítà. Ní 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn. Ní 1979 ó gba ẹ̀bùn Nobel. CT lásán máa ń tètè rí ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n ó lè mọ́ kí iṣan sì dí. Bí wọ́n bá fa oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ hàn sára aláìsàn, iṣan á funfun, ibi tó dí á dúdú láàárín rẹ̀. MRI náà lè fi í hàn: òun ni wọ́n fi rí ti Hillary Clinton ní December 2012.

Dókítà kejì ò kọ́kọ́ wo àwòrán. Ó bèèrè pé, "Ọmọ yín ti tó ọjọ́ mélòó?" Wọ́n tún un yà, pẹ̀lú oògùn náà. Ẹ̀jẹ̀ dídì wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oògùn oníhóró fún oṣù mélòó kan. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, ìyá rẹ̀ ló ń sá tẹ̀lé e.

Láti Ilua dé ibi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, ọ̀nà jìn, owó sì ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn méjì wà tí kò gbówó, ẹ kọ́ ẹni tó ń gbé abiyamọ lọ sọ́sípítù: "Dókítà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni o. Ṣé ẹ ti wo iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde?"