Bí Mo Ti Fi Alùpùpù Háyà Gun Òkè ní Scotland

Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ tọkọtaya nínú ìwé ìròhìn yìí láìfi ọwọ́ kan kálámù, nítorí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹlòmíràn ní láti kọ́kọ́ gbá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní oṣù Júùnù ọdún 2023 kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyàwó mi ti fún mi láyè láti kọ ọ́, bí mo bá lè kọ ọ́ láìdá ara mi láre.

Akọ̀wé ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ wa ní katikísìmù. Láti ìgbà èwe mi ní Ìṣẹ́yìn ni mo ti fẹ́ràn alùpùpù. Nígbà tí mo dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ṣe gbogbo ìdánwò tí ìjọba là sílẹ̀, mo sì gba ìwé-àṣẹ ní ọdún 2003. Alùpùpù ni mo ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́ títí di ọdún 2006, nígbà tí ọ̀kadà pa àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin ní Ìbàdàn. Ìwé ìgbélùú wa kò tíì pé nígbà náà, kò sì lè lọ sílé láti sin ín. Lórí tẹlifóònù ni ó ti gbọ́ bí wọ́n ti ń da erùpẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó wí fún mi pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n tún gbọ́ ìró nǹkan yẹn lẹ́nu ọ̀nà wa mọ́." Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, mo ti tà á.

Ọdún mẹ́tàdínlógún kọjá. Ẹ bi mí pé kí ni ó tún wọ̀ mí lórí. N kò lè sọ ju pé irun mi ti ń funfun, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé. Mo kà nípa ọ̀nà kan ní àríwá Scotland tí wọ́n ń pè ní North Coast 500. Ọdún 2015 ni wọ́n fi orúkọ yìí lọ́lẹ̀. Máìlì 516 ni, láti ìlú Inverness yí etí òkun ká padà sí Inverness. Èmi kò ní ju ọjọ́ méjì lọ, nítorí náà apá ìwọ̀-oòrùn nìkan ni mo yàn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ wo àwọn òkè Scotland. Òtítọ́ ni. Ó rò pé ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì ni n ó wọ̀, èmi kò sì tún èrò rẹ̀ ṣe. Akoto tuntun tí mo rà wà lábẹ́ tábìlì mi níbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní òfin tí ó kọ ìjẹ́rìí èké.

Irú alùpùpù tí mo háyà ga, a sì ṣe é fún ọ̀nà ọ̀dà àti ọ̀nà eléruku pẹ̀lú. Honda CB500X ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì súnmọ́ 200 kìlógíráàmù. Onílé iṣẹ́ náà yẹ ìwé-àṣẹ mi wò, ó fi ojú wọn ọjọ́ orí mi, ó sì gba 1,000 pọ́n-ùn ìdógò lọ́wọ́ mi, pé bí ohunkóhun bá bàjẹ́, inú rẹ̀ ni yóò ti yọ owó rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i bí ẹni tí kò lè ṣubú.

Ọ̀nà púpọ̀ ní agbègbè náà kò gba ju ọkọ̀ kan lọ. Wọ́n wá ṣe ibi ìyàgò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú àmì funfun, kí ẹni tí ó bá rí ọkọ̀ níwájú lè dúró fún un, kí ẹni tí a dúró fún sì gbọ́wọ́ sókè láti dúpẹ́. Ó wù mí púpọ̀. Mo ronú sí ọ̀nà òkè Ẹ̀fọ̀n, bí àwa ti í fi fèrè bá ara wa jà níbẹ̀.

Òkè tí mo ń lọ ni Bealach na Bà, èyí tí ó túmọ̀ sí Ọ̀nà Àwọn Màlúù ní èdè Gaelic, nítorí ibẹ̀ ni àwọn darandaran ń dà màlúù gbà láyé àtijọ́. Láti etí òkun ni ó ti gùn dé 626 mítà. Títí di àwọn ọdún 1970, òun nìkan ni ọ̀nà mọ́tò tí ó wọ abúlé Applecross. Pátákó ńlá kan wà nísàlẹ̀ tí ó ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà pé kí ó má gùn ún. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín.

Lókè, níbi tí ọ̀nà ti ká bí ejò, mo pàdé ọkọ̀ ńlá kan, irú èyí tí ènìyàn ń sùn sínú rẹ̀. Mo dúró. Mo na ẹsẹ̀ òsì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sí níbi tí mo rò pé ó wà. Alùpùpù náà tẹ̀, ó ń tẹ̀ lọ. N kò lè dá a dúró. Jẹ́jẹ́ ni a ṣubú, òun àti èmi, bí àgbàlagbà tí ó ń dọ̀bálẹ̀. Dígí kan fọ́, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ṣẹ́ kù ìdajì, orúnkún mi sì bó.

Tọkọtaya arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ náà, àwa mẹ́ta sì gbé alùpùpù dìde. Obìnrin náà nu orúnkún mi, ó bi mí bóyá àwọn ará ilé mi mọ ibi tí mo wà. Èmi tí mo ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kò rí ìdáhùn kan fún un.

Lójú ọjọ́ tí ó mọ́, a máa ń rí erékùṣù Skye láti orí òkè yìí. Ó mọ́ lọ́jọ́ náà. N kò wò ó pẹ́. Mo rọra sọ̀kalẹ̀ sí Applecross. Níbẹ̀ ni Maelrubha, mọ́ńkì láti Ireland, dá ilé ìsìn sílẹ̀ ní ọdún 673, orúkọ ibẹ̀ ní èdè wọn sì ni Ibi Ààbò, nítorí láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá sá wọ ilẹ̀ náà, wọn kì í mú un. Èmi náà sá wọ ibẹ̀. Ní ilé oúnjẹ kan létí òkun ni mo ti pe ìyàwó mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí akoto títí dé orúnkún.

Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Ẹsẹ̀ wo ni?"

Mo ní òsì ni.

"Ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ lè gbà padà?"

Mo ní ó wà, lẹ́bàá òkun.

"Ẹ gba ibẹ̀. Ẹ máa pè mí níbikíbi tí ẹ bá ti sinmi." Ó tún dákẹ́. "Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí, ẹ sì lọ."

N kò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn ju "Má bínú" lọ. Mo pè é ní Shieldaig, mo pè é ní Torridon, mo pè é ní Kinlochewe. Bí mo bá dé ibi ìyàgò tí tẹlifóònù kò ti gbà, mo máa ń tẹ̀ síwájú títí yóò fi gbà. Onílé iṣẹ́ náà yọ owó dígí àti ti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó sì dá ìyókù padà. Kò rẹ́ mi jẹ.

Ọkọ̀ ojú irin òru gbé mi dé Euston ní òwúrọ̀. N kò sọ fún un pé kí ó wá, ṣùgbọ́n ó dúró níbẹ̀, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, bí ó ti máa ń ṣe, láàárín gbogbo èrò wọ̀nyẹn, ó sì wo orúnkún mi kí ó tó dìde. Lẹ́yìn náà ni ó gba akoto náà lọ́wọ́ mi, tí ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ títí a fi dé ilé. Abẹ́ ibùsùn wa ni ó gbé e sí. Ó ṣì wà níbẹ̀. Kò tíì sọ ohun tí òun yóò fi ṣe, èmi náà kò sì tíì bi í.