Dóńgóyárò Kì Í Ṣe Àgbo Nìkan

Bí mo bá ti dárúkọ dóńgóyárò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, àgbo ibà ló máa ń wá sọ́kàn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹnì kan á fajú ro, ẹlòmíì á ní ìyá àgbà òun ló máa ń fipá dà á sí òun lẹ́nu. Mi ò bá wọn jiyàn, ewé náà korò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Sábó Gàrí ní Kánò ni wọ́n bí mi sí, níbi tí àwọn òbí mi ti ń ṣòwò láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ká tó mọ̀ ọ́n sí àgbo la ti mọ̀ ọ́n sí ibòòji.

Oòrùn Kánò kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Ìbàdàn o. Kí òjò tó dé, ooru lè kọjá 40°C. Lásìkò yẹn gan-an, dóńgóyárò á tutù yọ̀yọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jìnnà nínú ilẹ̀. Tó bá rí òjò bíi 400 mìlímítà lọ́dún, ó ti tó o. Èdè Haúsá ló ni orúkọ rẹ̀: “dogon yaro”, ọmọkùnrin gíga. Àlejò sì ni igi náà. Ìhà Íńdíà ló ti ṣẹ̀ wá. Láti Gánà ni irúgbìn rẹ̀ ti dé Bọ̀nọ́ lọ́dún 1928. Ní pápá Arafa pàápàá, nǹkan bí 50,000 rẹ̀ ni wọ́n gbìn kí àwọn tó ń ṣe Háájì lè rí ibòòji.

Ọ̀kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Bàbá Haúsá kan tó ń rán fìlà ló gbìn ín kí wọ́n tó bí mi. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá tó ń ta kúnú ń gbé igbá sí, ibẹ̀ ni Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ti jọ ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Lọ́dún tó kọjá, onílé gé e kó lè fi ṣọ́ọ̀bù méjì kún tirẹ̀. Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, bàbá mi ti ń ti ṣọ́ọ̀bù láti aago kan ọ̀sán di mẹ́rin nítorí ooru. Ìyá oníkúnú ti kó lọ. Oníbàárà ò dúró sọ̀rọ̀ mọ́.

Owó ṣọ́ọ̀bù méjì rọrùn láti kà. Ta ló ń ka owó ibòòji? Ẹnikẹ́ni ò sanwó rẹ̀ rí, ìyẹn ni ò jẹ́ ká mọ iye tó ń wọlé fún wa lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi ti hú ọ̀kan tó lalẹ̀ hù lẹ́bàá gọ́tà, ó lọ gbìn ín sí òdìkejì títì, ó fi táyà àti ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò ní ẹ ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni?” Wọ́n ní, “Ẹni tó gbin ti àkọ́kọ́, ṣé ó mọ̀ mí ni?”

Ẹ̀yin tí ẹ máa di agùnbánirọ̀ láìpẹ́, bí wọ́n bá gbé yín lọ sí Òkè Ọya, kí ẹ tó já ewé rẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀.