Ẹni Tí Ó Ní Òun Kò Gbọ́

Ní ọjọ́ kẹta tí katapílà náà ti dúró gbagidi lójú iṣẹ́, ọ̀gá rewáyà tí wọ́n pè wá wo iná rẹ̀ fi ìka tọ́ ojú gíláàsì tí ó wà níwájú awakọ̀, ó sì dájọ́ pé: "Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ti kú." Ohun tí ó hàn lójú gíláàsì náà kò ju gbólóhùn kan lọ: kò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì mọ́. Alábòójútó iṣẹ́ béèrè iye tí kọ̀ǹpútà tuntun jẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ ọ, ó ní awakọ̀ tí ó ń fi omi fọ katapílà ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò san owó náà díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù rẹ̀, àti pé kò ní gba owó ọjọ́ mẹ́ta tí iṣẹ́ fi dúró. Ọkùnrin náà ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Òjò sì ti ń ṣú, bẹ́ẹ̀ ni kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún afárá ṣí sílẹ̀ gbayawu láàrin ọ̀nà.

Ọmọ iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ọ̀gá yìí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí ó ka ilé ìwé girama dé òpin, ṣùgbọ́n tí kò rí owó ìdánwò san. Òun ni ó kíyè sí ohun kan tí kò bá ìdájọ́ náà mu. Wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì, ó dún. Èéfín ń jáde. Kìkì pé kò gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu ni: bí a bá ní kí ó yára, ojú kan náà ni ó wà. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ni ó ń pàṣẹ ìgbà tí epo yóò wọlé àti ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá ti kú ní tòótọ́, ta ni ń pàṣẹ epo? A kì í sin ẹni tí ó ń mí.

Ó yẹ kí a mọ bí irú ẹ̀rọ yìí ṣe ń sọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, iná kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀. Rewáyà a so gílóòbù kékeré mọ́ wáyà méjì, a sì fi wá ibi tí iná ti já. Iṣẹ́ yẹn ni ọ̀gá fi jẹun fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì mọ̀ ọ́n dájú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì fi ìlànà kan hàn ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà. CAN ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n rò ó fún, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe katapílà náà gbà á. Wáyà méjì péré, tí a lọ́ mọ́ ara wọn bí okùn, ni kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ti pọ́ǹpù àti ti iwájú awakọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó dà bí ìpàdé ẹbí. Ohun tí ẹnì kan bá sọ, gbogbo ilé ni ó gbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò mú un lò. Bí méjì bá lanu lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí nọ́mbà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù ni yóò máa bá a lọ, èkejì yóò dákẹ́ títí yóò fi parí. Ìpàdé ẹbí mélòó ni ó létò tó bẹ́ẹ̀?

Ohùn wọn kò lágbára rárá. Ní àkókò ìdákẹ́, wáyà kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bí volt 2.5, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ, ọ̀kan a gòkè sí nǹkan bí 3.5, èkejì a sọ̀ kalẹ̀ sí 1.5, lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gílóòbù kò lè fi èyí hàn, ó tilẹ̀ lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni rẹsítọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, 120 ohm, kí ohùn tí ó bá dé òpin má baà ta padà bí gbohùngbohùn kí ó sì da ọ̀rọ̀ rú.

Níbí ni ẹ̀kọ́ físíìsì ti wọlé. Rẹsítọ̀ 120 méjì tí a so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, 60 ni wọn yóò jẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń há ìṣirò yìí sórí nítorí ìdánwò nìkan. Ọmọ iṣẹ́ yìí, tí kò rí ìdánwò náà ṣe, rántí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá lọ jẹun ọ̀sán, ó yọ orí bátìrì, ó sì fi mítà wọn wáyà méjèèjì ní ibi ìjókòó awakọ̀: 120. Ó lọ sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì: 120. Ó lè jẹ́ pé rẹsítọ̀ kan ti bàjẹ́; ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà ni ó já. Ó yọ rẹsítọ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ awakọ̀, ó fi mítà wọn òun fúnra rẹ̀: 120. Ó padà lọ wọn ti ẹ̀yìn. 120 náà ni. Rẹsítọ̀ ẹ̀yìn wà láàyè nìyẹn, ti iwájú pẹ̀lú. Ohun tí ó wà láàrin wọn ni ó já.

Agbẹ́jọ́-ẹnì-kan-dá ni àgbà òṣìkà, àwọn baba wa ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Ojú gíláàsì kò parọ́. Ó ní òun kò gbọ́. Kò sọ pé ẹnìkejì kò sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó kà á ni wọ́n fi ìyókù kún un.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ iṣẹ́ yóò ṣe sọ èyí fún ẹni tí ó ti dájọ́ níwájú alábòójútó? Ó dúró títí ọ̀gá fi dé, ó sì na mítà sí i. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, bóyá mítà yìí ni kò sọ òótọ́."

Ọ̀gá wò ó, ó sì pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. "Dá rẹsítọ̀ yẹn padà síbi tí o ti yọ ọ́. Di mítà mú, kí o máa kà á sí mi létí."

Ohun tí ilé ìwé kò kọ́ ọmọ náà ni ọ̀gá mọ̀: ibi tí wáyà ti ń jìyà. Ó rọra bọ sábẹ́ ibi ìjókòó awakọ̀, níbi tí ìdì wáyà ti fara kan irin, ó sì mì ín.

"Ọgọ́fà, ọ̀gá. Ọgọ́fà. Ọgọ́ta! Ó tún ti di ọgọ́fà."

Wọ́n tú ojú ìsopọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Eyín irin kékeré kan ti yọ sẹ́yìn, ìpáta aláwọ̀ ewé sì bò ó. Omi ti wọ ibẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tì í padà, wọ́n sì dì í pa. Mítà dúró lórí 60.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó lọ bá alábòójútó. "Èmi ni mo ṣìwí. Kọ̀ǹpútà yín kò kú." Alábòójútó ní ṣebí omi náà ni ó fà á, awakọ̀ sì ni ó bu omi. Ọ̀gá bi í léèrè ẹni tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ tí ń tú omi fọ katapílà ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta, kí àwọn àlejò lè bá a ní dídán. Kò rí ìdáhùn gbà.

Kí òjò tó rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, katapílà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Owó oṣù awakọ̀ kò dín nítorí kọ̀ǹpútà mọ́. Owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni kò rí gbà títí oṣù fi parí.