Ìyàn Mú, àbí Wọ́n Fi Ebi Pa Wọ́n?

Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, tí eéṣú sì jẹ oko run, Yorùbá á ní ìyàn mú. Kò sẹ́ni tí í bi ìyàn pé ta ló rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá wà nílé tí wọn kò fún ọmọ jẹ, ebi ni wọ́n fi ń pa á, ojú sì mọ ẹni tó ń pa á.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ló wà láàárín "famine" àti "hunger" nínú ọ̀rọ̀ Ireland. Ọ̀pọ̀ ìwé ló pe àjálù ọdún 1845 sí 1852 ní "famine". Àwọn ará Ireland kan kò gbà rárá. "Hunger" ni wọ́n ní kí a máa pè é, wọ́n sì jàre.

Lóòótọ́, àrùn ló ba pòtétò jẹ́. Ewé á dúdú, èyí tó wà nínú ilẹ̀ á rà, á máa rùn. Pòtétò sì ni tálákà ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Àmọ́ àrùn yẹn kò kan màlúù, kò kan ọkà. Láti èbúté Cork, ọkọ̀ ń kó àgbá bọ́tà lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Skibbereen, ní agbègbè Cork kan náà, wọ́n ń da òkú sínú kòtò láìsí pósí. Àwọn kan á ní ọkà tó wọlé sí Ireland lọ́dún 1847 pọ̀ ju èyí tó jáde lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n títà ni wọ́n ń tà á. Kí ni ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ fẹ́ fi rà á?

Èyí tó dunni jù ni ti ọbẹ̀. Ní oṣù Keje 1847, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Ireland nígbà náà ń fi ọbẹ̀ bọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn lóòjọ́. Wọ́n lè ṣe é, wọ́n sì ṣe é. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n ní kí owó orí Ireland fúnra rẹ̀ máa bọ́ àwọn tálákà ibẹ̀. Òfin ọdún náà tún ní ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ju ìdámẹ́rin éékà lọ kò gbọdọ̀ gba ìrànwọ́, àfi tó bá kọ́kọ́ yọwọ́ nínú ilẹ̀ náà. Eéṣú wo ló ń ṣòfin?

Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló kú, bíi mílíọ̀nù kan mìíràn sì bọ́ sọ́kọ̀ ojú omi, wọ́n sá lọ. Ní 1841, àwọn ènìyàn erékùṣù náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Títí dòní, wọn kò tíì pé bẹ́ẹ̀ mọ́.