Kí Asọ̀rọ̀mágbèsì Kọ́ Bí A Ṣe Ń Gba Èsì

 

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọ ilé onílé, ní Èkó ní 1935, ní Ìbàdàn ní 1939. Àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Orúkọ náà bá a mu. Ẹ̀rọ yẹn ń sọ tirẹ̀ lọ ni, bí o gbọ́, bí o kò gbọ́, kò kàn án.

Lónìí, àbúrò rédíò ti dé, òun ni wọ́n ń pè ní podcast. Akọ̀ròyìn kan, Ben Hammersley, ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejì ọdún 2004. Ètò tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni, tí a gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olúkúlùkù sì lè gbọ́ nígbà tó bá wù ú, ìbáà jẹ́ nínú mọ́tò tàbí nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Kò gba ilé-iṣẹ́ rédíò. Fóònù kan àti détà ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan náà máa dára sí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: podcast tó bá ń gba èsì ló ń dàgbà. Èyí tí kì í gba èsì, bó ti rí lọ́dún kìíní náà ni yóò rí lọ́dún kẹwàá.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ló bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá níbí. Wọ́n ń lọ bá àwọn àgbà wa nílé, láti Ugbowo dé Sapele Road, láti Ikpoba Hill dé Ekenwan Road, wọ́n ń béèrè bí wọ́n ṣe dé ìlú yìí. BBC dá ẹ̀ka Yorùbá sílẹ̀ ní 2018, a sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n BBC kò ní wá bá ìyá wa tó ń tajà ní New Benin láti béèrè ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé ni. Bàbá wa kan wà tó jẹ́ oníṣòwò aṣọ. Wọ́n ti wà ní Benin kí wọ́n tó yọ Mid-West kúrò lára Western Region ní oṣù kẹjọ ọdún 1963. Kó tó di ìgbà náà, Ìbàdàn kan náà ni olú-ìlú Ẹ̀dó àti Yorùbá. Bàbá sọ fún àwọn ọmọ yìí bí àwọn ará ilé ṣe ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó ẹrù wọn padà wálé, nítorí ìjọba ti pín. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó mú kí wọ́n dúró. Ibẹ̀ gan-an ni aládùúgbò ti tan jẹnẹrétọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé gógóńgó, ariwo ló gbé e mì. Wọ́n fi àdéhùn sí ọ̀sẹ̀ kejì kí Bàbá tún un sọ. Bàbá kò dúró de ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní Kánádà kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Bàbá àgbà sọ níbẹ̀?" Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ìdí tí ẹbí náà fi di ará Benin ti bá ìṣẹ́jú méjì yẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí wọ́n wá mí kàn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ní àyè láti jókòó gbọ́ràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn kì í gbé ètò kankan jáde mọ́ kí n tó gbọ́ ọ, ohun tí mo bá sì gbọ́, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Inú ìwé náà ni mo ti mú àwọn ìmọ̀ràn yìí jáde.

Èkínní, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ gbà kí ẹ tó kúrò nílé olóhùn. Ẹ kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì gbọ́ ọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá dún, ẹ bẹ àgbà pé kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí wọ́n tún ibẹ̀ sọ lójú ẹsẹ̀. Yàrá tí ìbùsùn, kọ́tìnnì àti aṣọ pọ̀ sí dára ju pálọ̀ onítáìlì lọ, nítorí aṣọ a máa gbé gbohùngbohùn mì. Ẹ má gbé fóònù sórí tábìlì tó jìnnà sí ẹnu, kí ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ sì mọ òjò Benin: bó bá ti ń rọ̀ sórí páànù, kò sí ohùn tí yóò gbọ́ sétí. Àwọn ọmọ wa ń gba ohùn púpọ̀ pa mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á wá máa gbé e jáde nígbà òjò.

Èkejì, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ tún ṣe lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Oṣù tí a bá ń tún ohùn ṣe, a kì í dá sí orin ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá yí nǹkan márùn-ún padà pọ̀, a kò ní mọ èyí tó wu olùgbọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi àmì ohùn sí ohun tí ẹ bá fẹ́ kà. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọ kan ka "Owo" tí kò ní àmì, ó sì pè é bí ọwọ́. Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí tí a ń gbà kọjá bí a bá ń lọ sí Àkúrẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá wa kan ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ọmọ mi, Ọ̀wọ̀ ni ìlú mi, kì í ṣe ọwọ́, kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n bí o bá rí owó, fi ránṣẹ́ sí mi." A rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí di olùkọ́ ètò wa.

Ẹ̀kẹrin, tó jẹ́ olórí wọn, ẹ béèrè èsì. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹ fi ìbéèrè kan parí ètò, kí ẹ sì mú ohùn àwọn tó dáhùn wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan kì í fẹnu sọ èsì tiwọn, wọ́n kàn ń lọ ni. Spotify àti Apple a máa fi ibi tí olùgbọ́ ti kúrò han ẹni tó ni ètò. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ibi ìkíni gígùn ni wọ́n ti ń sá, a sì gé ìkíni ìṣẹ́jú mẹ́rin di ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Àwọn mìíràn ní ètò náà ń jẹ détà. Ìṣẹ́jú 30 ní 128 kbps fẹ́rẹ̀ẹ́ tó MB 29, ní 64 kbps kò tó MB 15. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò nílò ju ti ìkejì lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má yẹ ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tí kò yẹ̀ sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù kan, kí a má tún rí yín fún ìdajì ọdún. Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu àgbà kí ẹ tó gbé ohùn wọn jáde, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó ohùn náà síbi méjì, nítorí fóònù a máa bọ́ sọ́wọ́ olè.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, wọ́n ń gbọ́ Pidgin ní títì, wọ́n ń gbọ́ Ẹ̀dó lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kò sì sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni wọn yóò ti gbọ́ tiwa? Bí ẹ bá ní àgbà nílé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ yìí wá bá wọn kí ọjọ́ tó lọ. Bí ẹ kò bá ní nǹkan mìíràn láti fún wọn, ẹ fún wọn ní etí yín. Ẹ gbọ́ ètò náà, kí ẹ sì sọ òótọ́ nípa rẹ̀ fún wọn, ibi tó dùn àti ibi tó kù sí.

Ọlọ́run yóò dá àwọn àgbà wa sí, kò ní jẹ́ kí ohùn wọn dákẹ́ kí a tó gbọ́ ọ yé.