Ìdí Tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ Fi Ń Ná Owó Kẹ̀kẹ́

Ọ̀rọ̀ igba náírà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ti gba oorun lójú mi ju ọ̀rọ̀ àìsàn gan-an lọ. Nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní Fádèyí nínú bọ́ọ̀sì tí ó gbé wa láti Ìkòròdú, tí a ti la Mile 12 àti Kẹ́tu àti Ọjọ́ta kọjá nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ òwúrọ̀, tí ó sì ku kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣoṣo tí yóò gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, Ìyá Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n tọ́ mi dàgbà, á dúró ṣinṣin létí títì pẹ̀lú ara tí kò le, wọn á sún ìbòrí wọn sẹ́yìn díẹ̀, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá pe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, wọn á ní ọ̀ọ́dúnrún. Bí ó bá ní òun kò gbà, wọn á yíjú sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn á bi í bóyá ìyá kan náà ló bí òun àti aláìláàánú iwájú yìí. Bẹ́ẹ̀, nínú báàgì tí mo fi kọ́ apá, oògùn wà níbẹ̀ tí owó rẹ̀ á ra táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ̀kẹ́ náà, tí owó epo á sì tún kù.

Mo kọ́kọ́ pè é ní ìṣọ́wóná. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó náírà sì tún já wálẹ̀ lójú owó dọ́là ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tí kì í ka owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, oògùn òkèèrè sì di ohun tí à ń gbọ́ iye rẹ̀ tí à ń di àyà mú. Ṣùgbọ́n àlàyé yìí kò dúró, nítorí pé nígbà tí a bá dé ẹnu géètì, Ìyá Ẹ̀pẹ́ á mú igba náírà tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ awakọ̀, wọn á sì nà án sí alágbe tí ó jókòó sábẹ́ igi níbẹ̀. Ẹni tí ó fi ìjà gba owó tí ó sì fi ẹ̀rín fi í tọrẹ kì í ṣe ahun. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, ó tilẹ̀ túbọ̀ fìdí múlẹ̀ ni.

Ẹni tí kò bá tíì sin aláìsàn lọ gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ rí kò lè mọ̀ bí ibẹ̀ ti jìnnà sí ọjà tó. Àwọn ará ìlú wa mìíràn a máa lọ sí Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní ọdún 2019. Ibòmíràn ni tiwa, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ìwé kékeré ni wọn yóò kọ iye oògùn sí, a ó sì san án. Ọjọ́ 21 ni yóò wà láàárín ìgbà kan àti ìkejì, a ó sì kà á. Wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ wò ná, bí ẹ̀jẹ̀ bá ní kí a padà sílé, a ó padà. Oògùn olómi pupa yóò máa kán sínú iṣan, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ẹnu á bó, irun á máa já sórí ìrọ̀rí, obìnrin tí ó sì fi ẹja yíyan kọ́lé, òórùn ẹja á wá máa lé e sá sẹ́yìn ilé. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tí yóò sọ pé, “Kí lẹ fẹ́ san?” Ní Ìkòròdú Ọ̀gà pẹ̀lú, níbi tí mo ń gbé, ọjọ́ kan a máa wà lọ́dún tí Orò ń gbé ìlú, tí obìnrin kì í yọjú síta ní ojúmọmọ; nígbà tí ọjọ́ ìtọ́jú bọ́ sí ọjọ́ náà, a kò bá Orò dúnàádúrà, a kò sì bá ilé ìwòsàn dúnàádúrà, a kó ẹrù wa ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀, a lọ sùn sọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Ṣómólú.

Ẹ má sì rò pé oògùn kò ṣeé ná o. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ American Cancer Society àti àjọ Clinton Health Access Initiative jókòó ti ilé iṣẹ́ Pfizer àti ilé iṣẹ́ Cipla, wọ́n dúnàádúrà lórí oògùn jẹjẹrẹ mẹ́rìndínlógún fún orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn, títí wọ́n fi fa owó rẹ̀ wálẹ̀. Mo yọ̀ nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà ni mo wòye pé ara àwọn tí wọ́n jókòó ná oògùn náà dá ṣáṣá. Ẹni tí wọn yóò fa oògùn sí lára nìkan ni kò sí níbi ìnájà.

Èyí sì le fún ọmọ Ẹ̀pẹ́ ju bí ó ti le fún ẹlòmíràn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹbí lè wà nínú ohun tí mo sọ yìí. Kòsọ́kọ́ ọba Èkó, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé kúrò lórí ìtẹ́ ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló forí lé, Ẹ̀pẹ́ náà ni òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì ti ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854. Ó gbà pé òun kò ní bá wọn du ìtẹ́ Èkó mọ́, ṣùgbọ́n kò lọ lọ́wọ́ òfo: ó gba èbúté Palma, ó sì gba owó ọdọọdún. Ọkùnrin tí wọ́n ti ṣẹ́gun ni, síbẹ̀ wọ́n bi í pé kí ni yóò gbà.

Ẹ̀yìn Kòsọ́kọ́ ni ó yẹ kí n máa tọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ọkàn mi sá lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún àti epìyà àti àrọ̀, pẹ̀lú akàn tí ń họ agbọ̀n. Èmi ọmọdé á jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, màá máa wo Ìyá Ẹ̀pẹ́ bí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Apẹja á pe iye tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò san án. Wọn á béèrè ìyàwó rẹ̀, wọn á béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á wá sọ fún un pé ẹja yìí ti kú kí ó tó rí àwọ̀n. Wọn á lọ, yóò pè wọ́n padà. Wọn á tún lọ, yóò tún pè wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò tán, wọn á na ọwọ́ gba èènì, èènì náà kì í sì í jẹ́ ẹja tí apẹja fẹ́ fi sílẹ̀.

Ọdún kan wá wà tí ọkọ wọn kú. Wọ́n ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti là á sílẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún gbé agbọ̀n, a sì tún lọ sí Olúwo. Apẹja kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé òun ni ó máa ń bá wọn ná ọjà jù, tí ariwo òun àti tiwọn a máa dé ìdí ọkọ̀ kẹta. Ọkùnrin yìí tẹ orí ba nígbà tí ó rí wọn, ó kó ọ̀bọ̀kún kún agbọ̀n wọn láìsọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ máa gbé e lọ, Màmá. Iye tí ó bá wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fún mi.” Gbogbo ọjà ní kí Ọlọ́run san án fún un. Ìyá Ẹ̀pẹ́ kúnlẹ̀ sí etí ọkọ̀ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja rẹ̀ padà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, “Ọkọ mi ló kú. Èmi kò tíì kú. Pe iye tí o fẹ́ pè.” Ọkùnrin náà wò wọ́n títí, ó sì pe iye kan tí ó jẹ́ ìwọ̀sí. Wọ́n pòṣé, ọjà bú sẹ́rìn-ín, oòrùn sì ti gòkè kí wọ́n tó fẹnu kò. Mo pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, tíṣà sì nà mí.

Láti ìgbà tí ìrántí yìí ti dé, n kò rí ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀rọ̀ igba náírà mọ́. Àánú apẹja nì kò lábùkù, àfi pé kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí a ṣàánú láti sọ pé òun kò gbà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àánú tiwa.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, ìpàdé ẹbí ni a ṣe ní Ẹ̀pẹ́, àwọn àgbà sì pàṣẹ pé a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ àìsàn náà fún ẹni tí ó ń ṣe. Kókó ni kí a pè é, kí a sì pe oògùn rẹ̀ ní ìwẹ̀nù. Ìfẹ́ ni wọ́n fi pa á láṣẹ, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà rí àgbàlagbà obìnrin tí ó wé gèlè, wọ́n rí ọmọ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dojú kọ ọmọ: ṣé wọ́n ń jẹun, ṣé wọ́n ń bì, ṣé ọwọ́ ń ta wọ́n? Èmi di alágbàtà láàárín ìyá mi àti àyà wọn, a sì mọ̀ pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, òwe àwọn baba wa ni. Irun Ìyá Ẹ̀pẹ́ re tán pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn ìdí tí irun fi ń re.

Mo ti máa ń gbóríyìn fún Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú bá fínra, tí kò fi bò, tí ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1997 kí àwọn obìnrin lè máa sọ ọ̀rọ̀ náà síta, nítorí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí obìnrin tó lè sọ ọ́ fún ayé gbọ́, ó di dandan kí ẹnì kan kọ́kọ́ sọ ọ́ fún obìnrin náà.

Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Ní ọjọ́ kan dókítà ọ̀dọ́ kan ń sọ fún mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ó ku ìgbà mẹ́ta, kí n tó yíjú padà, Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti dáhùn ní Yorùbá: “Dókítà, ẹ bá mi yọ ọ̀kan níbẹ̀.” Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì yí àga rẹ̀ padà sí wọn. Ó ní oògùn náà kì í pa gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Ìdá kan nínú ohun tí ó bá kù ni ó ń pa nígbà kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó bá sì ṣẹ́kù, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ààyè ni, yóò sì máa bí sí i. Ó ní oògùn kan náà ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ léṣe, ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró kí àwọn yẹn tún gbérí kí a tó tún fà á sí wọn lára.

Wọ́n ronú sí i. “Gbèsè eléèlé ni nígbà náà,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá san án ku díẹ̀, díẹ̀ náà á tún bímọ.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá.”

“Jẹjẹrẹ ni, àbí?”

Dókítà wò mí, èmi wo ògiri. Ó ní, “Òun ni, Màmá.”

“Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan pe iye rẹ̀ fún mi ni.”

Wọn kò rí ọ̀kan yọ nínú mẹ́ta náà, wọn kò sì tún béèrè rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún Kayokayo, tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí ìgúnlẹ̀ Kòsọ́kọ́, tí ó máa ń tẹ̀lé Iléyá ní nǹkan bí oṣù kan, bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ìtọ́jú kàn, wọ́n sì ní kí dókítà fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Dókítà ní ọjọ́ méjì. Wọ́n ní ṣé òun náà kò ní ìyá nílé ni? Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fẹnu kò sí, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dára.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, ẹni tí ó ṣe alága ìpàdé ẹbí, pè mí lórí fóònù pẹ̀lú ìbínú pé ta ni ó tú àṣírí. Ìyá Ẹ̀pẹ́ na ọwọ́, wọ́n gba fóònù náà. “Bùọ̀dá, ẹ kú alẹ́ o. Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, kò pa mí. Ó ku mẹ́ta. Èló ni ẹ máa mú wá?” N kò gbọ́ ohun tí ẹni ọ̀hún wí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ òṣé wọn. “Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta? Bùọ̀dá, itan àgbò Iléyá yín nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ!” Mo lọ po ẹ̀kọ gbígbóná wá fún wọn, mo sì fara balẹ̀ pò ó. Nígbà tí mo fi máa padà wọlé, wọn kò tíì fẹnu kò: wọ́n ń béèrè orúnkún Bùọ̀dá, wọ́n ní ṣé ó ti sàn díẹ̀, Bùọ̀dá sì ti dé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún.