Arò fún Iyàn Tí Kì í Di Ìjà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ọ̀fọ̀, òkú tí a ń sunkún rẹ̀ kò ní pósí, a kò sì gbẹ́ ilẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí a dàgbà ní Odode, lábẹ́ àwọn àpáta tó yí ìlú Ìdànrè ká, la mọ̀ pé ó ti lọ. Iyàn ni mo ń sọ. Iyàn tí a máa ń jà nídìí eré, tí ohùn fi ń ròkè débi pé àlejò tó ń kọjá yóò dúró, yóò máa rò ó bóyá kí òun là wọ́n, tí ilẹ̀ yóò sì ṣú, tí àwọn tó ń jà á yóò dìde, tí ẹni tó kéré lọ́jọ́ orí yóò gbé ọpọ́n, tí wọn yóò sì jọ máa lọ sílé. Iyàn yẹn la pàdánù. Eré ṣì wà. Iyàn pàápàá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí kì í di ìjà, a wá a, a ò rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀, nítorí ọlọ́fọ̀ a máa fẹ́ dárúkọ olóògbé. Ní àsìkò kòkó, nígbà tí wọ́n bá ti sá a síta, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì í nítorí ewúrẹ́ àti òjò, àgbà tó bá sì jókòó tì í kì í dá wà fún ìgbà pípẹ́. Ẹnìkan yóò gbé ọpọ́n ayò wá sábẹ́ igi. Ilé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, gbogbo wọn ti ń dán nítorí ọwọ́ tó ti bà wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ á gbọ́n ilé kan, á máa pín ọmọ rẹ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí èyí tó kẹ́yìn bá sì bọ́ sílé ẹnìkejì, tó di méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹ́ nìyẹn, ariwo á sì ta. Àwọn òǹwòran ti pé. Èyí ń sọ pé kó tú odù rẹ̀, ilé tó ti kó ọmọ jọ sí, òmíràn ń sọ pé kó máa kó o jọ, òmíràn ń sọ pé àwọn méjèèjì kò mọ nǹkan kan.

Ẹni tó bá ń kọjá yóò kí ọ̀ta, ẹni tó ń borí, àti ọ̀pẹ, ẹni tí wọ́n ń jẹ: “Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ.” Wọ́n á sì dá a lóhùn: “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn.” Ọ̀pẹ kò sì fọhùn. Bàbá tó ní oko kòkó ńlá, tó ń pàṣẹ fún àgbàlagbà nínú ilé rẹ̀, yóò jókòó síbẹ̀ ní ọ̀pẹ, kàfíńtà tó kan àga ilé rẹ̀ yóò máa fi í ṣẹ̀sín lójú gbogbo ayé, yóò sì gbà á, nítorí ó mọ̀ pé nídìí ọpọ́n nìkan ni òun ti jẹ́ ọ̀pẹ, pé ó lè yí padà kí oòrùn tó wọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ rí. Wọ́n á ní ọwọ́ rẹ wúwo. Wọ́n á ní ojú rẹ kò ríran kọjá ilé kẹta. Wọ́n á ní kí o lọ kọ́ ayò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ tó kéré jù. Wọn kì í dárúkọ ìyá. Wọn kì í dárúkọ àìsàn. Ẹni tó yá ọ lówó kì í mẹ́nu ba gbèsè níbẹ̀, bí o tilẹ̀ jẹ ẹ́ tán lójú ọpọ́n láti àárọ̀. Bí ẹnìkan bá sì gbàgbé ara rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, àgbà kan láàrin àwọn òǹwòran yóò na ọwọ́ bo ọpọ́n, yóò ní, “Ó tó.” Eré ti parí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò ní jiyàn sí i. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ẹni tó ṣẹ̀ yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀.

Kì í ṣe nídìí ayò nìkan. Àwọn ọdẹ tó ń sun ìjálá ní òfin tiwọn. Adébóyè Babalọlá, tó gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìwé tó kọ lórí ìjálá sì jáde ní 1966, ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí apohùn kan bá ṣi nǹkan sọ lójú agbo. Apohùn mìíràn yóò dá a lẹ́kun, ìjálá ni yóò sì fi dá a lẹ́kun, pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kọ́ nìyẹn, kí ó gbọ́ bó ṣe rí. Ẹni tí wọ́n wí náà kì í dákẹ́. Òun náà yóò fi ìjálá dáhùn, pé bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyí, tàbí pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹran igbó kọ̀ọ̀kan máa tọ ipa ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ wo bí ó ti lẹ́wà tó. Wọ́n ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ takò, wọ́n sì ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n takò, kí ìbínú tó dé. Iyàn fúnra rẹ̀ di ara ewì, àwọn tó wá gbọ́ ìjálá a sì lọ sílé pẹ̀lú ohun tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n bá wá lọ.

Bọ́ọ̀lù náà wà ńbẹ̀. Ní 1976, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC ti Ìbàdàn gba ife African Cup Winners’ Cup, etí rédíò ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa wà, iyàn ọjọ́ náà sì di ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1999, tí Chelsea ti fi góòlù méjì ṣíwájú Arsenal, tí Nwankwo Kanu sì gbá mẹ́ta wọlé láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá di ilé Arsenal láti ọjọ́ náà. A jiyàn lórí góòlù kẹta yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún: ṣé Kanu rí àyè ni, àbí ó kàn fi ìgboyà gbá a láti igun pápá? A jà á ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, a jà á lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Àkúrẹ́, kò sì sí ẹni tó torí rẹ̀ pàdánù ọ̀rẹ́.

Mi ò sọ pé ayé àná mọ́ tónítóní. Wọn kì í pe àwọn ìyá wa sídìí ọpọ́n, ọgbọ́n tó wà lórí wọn sì ni a fi ṣòfò. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé ìbínú ọ̀pẹ relé, tí aya àti ọmọ sì ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí iyàn náà di ìjà, mo sì ti ronú lé e lórí púpọ̀ láti ìgbà tí a ti pàdánù rẹ̀. Ọ̀la ni. Ẹni tí o fi ṣẹ̀sín ní ìrọ̀lẹ́, òun ni yóò bá ọ fọ́ kòkó lọ́la; àdá rẹ̀ yóò wà nínú oko rẹ bí àáró bá kàn ọ́; ìyàwó rẹ̀ yóò gbé ọmọ rẹ pọ̀n lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá rẹ. Ohùn lè ga tó bó ti fẹ́, ọ̀la wà níbẹ̀ tó ń gbọ́.

Ìbàjẹ́ iyàn náà kò ti ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, lẹ́yìn tí Barcelona borí Manchester United ní ìlú Róòmù, ọkùnrin kan ní ìlú Ogbo, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, wa bọ́ọ̀sì wọ àárín àwọn tó ń yọ̀ fún Barcelona, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì tí kò sí ọmọ ìlú Ogbo kankan nínú wọn, nínú ìlú tí ó jìnnà sí wọn gan-an. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sọ fún ara mi pé ibi tó jìnnà sí Odode ni. Bí gbogbo wa ti ń sọ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà fóònù dé ọwọ́ gbogbo wa. A dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn ayò, ọmọ Odode, ọmọ Aládé, ọmọ Àtòsìn, àwọn tó wà ní Àkúrẹ́ àti Èkó, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Houston. Kí ẹ wo inú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀! Ẹnìkan yóò ya àwòrán ọpọ́n bó ṣe rí, yóò béèrè pé kí ni ọ̀ta yóò ta báyìí, ìdáhùn yóò sì máa wọlé láti ibi mẹ́rin láyé. Bàbá kan ní Odode, tó jẹ́ ọ̀ta láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé, ń fi ohùn ránṣẹ́ síbẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ kí wa nílé-nílé kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ lórí ayò. Mo rò nígbà náà pé abẹ́ igi wa ti gbòòrò, pé kò sí ẹni tí òkun lè yà kúrò nídìí rẹ̀ mọ́.

Ohun tó pa á kò tó nǹkan. Ẹnìkan béèrè bóyá ó tọ́ kí ọ̀ta jẹ gbogbo ọmọ tó kù níwájú ọ̀pẹ, tí ọ̀pẹ kò fi ní ohun tí yóò ta. Àwọn kan ní ó lè jẹ ẹ́. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni, pé o gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ. Ìbéèrè àtijọ́ ni. Àwọn tó ń ta á ní Gánà, tí wọ́n ń pè é ní oware, àti àwọn ọmọ Antigua, tí àwọn baba ńlá wọn gbé e kọjá òkun nínú ìgbèkùn, kò fẹnu kò lórí rẹ̀ títí di òní. Lábẹ́ igi, ìdáhùn rẹ̀ kò gba àkókò: “Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ mi.” Òfin ẹni tó ni ọpọ́n la ó sì tẹ̀lé lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n nínú fóònù, ta ni ó ni ọpọ́n? Ilẹ̀ kò sì ṣú. Èyí ni mo ń sọ fún yín pẹ̀lú ìrora: ilẹ̀ kò ṣú níbẹ̀. Nígbà tí Odode bá ń lọ sùn, ojúmọmọ ṣì wà ní Houston. Ẹni tó bá jí ní ìdájí yóò bá ọ̀rọ̀ tó korò tí wọ́n kọ sí i lálẹ́, yóò kà á lẹ́ẹ̀kan, yóò tún un kà, yóò dáhùn kó tó bọ́jú. Èébú tí a sọ lábẹ́ igi, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ. Èyí wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á ní ọ̀gànjọ́. Kò sí ojú tí a lè wò kí a fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dun ẹni. Ẹ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, kọ ọ́ sí bàbá náà pé àìkàwé ló ń dà á láàmú. Ẹlòmíràn dárúkọ ilé tí bàbá náà ti wá. Ẹnìkan ya àwòrán ojú fóònù, ó gbé e lọ sórí Facebook, àwọn tí kò mọ ọmọ ayò lọ́wọ́ sì wá bá wa dá sí i. Àwọn ádímínì dákẹ́. Èmi náà kà á, mo sì wà níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀ bíi ti gbogbo àwọn yòókù. Kò sí ọwọ́ tó na bo ọpọ́n.

Bàbá náà kò dáhùn. Ó fi ohùn kan ránṣẹ́ ní òwúrọ̀, ó kí wa nílé-nílé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run bá wa pa ilé mọ́, ó sì kúrò. Àwọn àgbà tó kù tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n mọ̀ bá wọn lọ: bí a ṣe ń ka odù ẹlòmíràn láìfọwọ́ kàn án, ìgbà tó yẹ kí ènìyàn ta kúrò nílé ọwọ́ ọ̀tún, àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí ọ̀ta fi ń dá ọ̀pẹ lẹ́jọ́ tí kì í gún ọkàn. Mo gbọ́ irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ya fọ́tò, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gun òkè, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba orin àtijọ́ jọ. Ibi gbogbo ni òkú yìí sùn sí.

A máa ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kí fóònù tó dé ni a ti gé àwọn igi náà kọ ṣọ́ọ̀bù, tí a ti mọ ọgbà yí ilé wa ká, tí a sì ti dẹ́kun láti mú ọmọ lọ́wọ́ lọ bẹ ẹni tí a ṣẹ̀. Ọmọ tí kò rí bàbá rẹ̀ ní ọ̀pẹ rí, tí kò rí i kó dákẹ́ kó sì rẹ́rìn-ín, níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, bí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, bàbá náà ṣì wà láyé, ní Odode, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò sì yí padà. Ẹ pè é. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹ pè é kó gbọ́ ohùn yín, ẹ béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, ẹ má sì mẹ́nu kan ẹni tó jàre.